Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú OCD fún àwọn olùtọ́jú ọkàn: èwo ló yẹ kí ẹ yàn?

Ẹ jẹ́ ká mú abiyamọ kan tó bímọ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, bó bá ti wọ ilé ìdáná tó sì rí ọ̀bẹ, èrò kan á já wọ inú rẹ̀: "Bí mo bá fi ọ̀bẹ yìí gún ọmọ mi ńkọ́?" Ó ti kó gbogbo ọ̀bẹ ilé fún aládùúgbò. Kì í wẹ ọmọ mọ́ àfi bí ìyá rẹ̀ bá dúró tì í. Bí obìnrin yìí bá bọ́ sọ́wọ́ olùtọ́jú ọkàn tí kò kọ́ nípa OCD (obsessive-compulsive disorder, àìsàn tí èrò tí a kò fẹ́ fi ń já wọ ọkàn léraléra, tí ẹni náà sì ń ṣe nǹkan kan léraléra kí ìpayà lè rọlẹ̀), ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Olùtọ́jú á fi í lọ́kàn balẹ̀ pé "ẹ ò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láéláé". Ara rẹ̀ á rọ̀ títí di alẹ́, ọ̀la á sì tún padà wá béèrè. Tàbí kí olùtọ́jú ní kó máa lé èrò náà lọ, bó sì ṣe ń lé e ni yóò máa pọ̀ sí i. Tàbí kí ẹ̀rù ba olùtọ́jú fúnra rẹ̀, kó pe ọkọ, kó ní kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń bọ́ àìsàn náà.

Kì í ṣe àìmọ̀ ilẹ̀ wa nìkan. Ní 2013, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà: wọ́n kọ ìtàn ṣókí nípa ẹni tó ní OCD ránṣẹ́ sí onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá 360, wọ́n ní kí wọ́n dárúkọ àìsàn tó ń ṣe é. Ìdáhùn 38.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò tọ̀nà. Nígbà tí ìtàn náà jẹ́ ti ìdọ̀tí àti ọwọ́ fífọ̀, 15.8 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ṣì í. Nígbà tó jẹ́ èrò ìbálòpọ̀ nípa ọmọdé, 42.9 ló ṣì í. Ẹni tó ń fọwọ́ léraléra kò ṣòro láti dá mọ̀. Ẹni tí èrò ìtìjú ń dà láàmú ni à ń pàdánù, òun náà gan-an ni kì í lanu àfi bí a bá mọ bí a ṣe ń bi í.

Àwọn nọ́ọ̀sì, sakọ́lọ́jíìsì, òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re àti dókítà tó ń wá ibi tí wọ́n ti lè kọ́ iṣẹ́ yìí, nílé tàbí lókè òkun, ni a kọ ìfiwéra yìí fún. Èrò tiwa rèé: ẹ má fi gígùn ẹ̀kọ́ tàbí ẹwà ìwé ẹ̀rí yàn. Ẹ yan èyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò ti gbọ́ yín tàbí rí yín níbi tí ẹ ti ń tọ́jú aláìsàn gidi, tí yóò sì sọ ibi tí ẹ kù sí fún yín.

Àyẹ̀wò, ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ti ń sáré kọjá

A ó máa lo ọ̀rọ̀ méjì. Èrò ajáwọlé ni èrò, àwòrán tàbí ìsúnni tó ń já wọ ọkàn láìpè, tí ẹni tó ní in kò fẹ́. Àṣetúnṣe ni ohun tó ń ṣe, ní gbangba tàbí nínú ọkàn rẹ̀, kí ìpayà lè rọlẹ̀. Ìwé DSM-5, tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀ ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2013, yọ OCD kúrò láàárín àwọn àìsàn ìpayà, ó fún òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní orí tiwọn. ICD-11, ìwé àkójọ àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó bá ṣì ń kọ́ OCD gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìpayà lásán ti pẹ́ jù lórí àtẹ.

Òṣùwọ̀n tó ṣeé dì mú ni wákàtí 1: bí èrò àti àṣetúnṣe bá ń gba ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, tàbí tí wọ́n ń fa ìnira tó lágbára, tàbí tí wọ́n ń dí iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí ilé lọ́wọ́, ó ti di àìsàn. Irinṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ gidi gbọ́dọ̀ fi lé yín lọ́wọ́ ni Y-BOCS, òṣùwọ̀n bí OCD ṣe le tó, tí Wayne Goodman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1989. Ó ní àkójọ àpẹẹrẹ tó lé ní 50, tí ẹ ó bá aláìsàn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìbéèrè 10: márùn-ún fún èrò, márùn-ún fún àṣetúnṣe. Ìkọ̀ọ̀kan ń gba 0 sí 4, àpapọ̀ jẹ́ 40. Láti 0 dé 7 kò tíì tó àìsàn; 8 sí 15 fúyẹ́; 16 sí 23 wà láàárín; 24 sí 31 le; 32 sí 40 le kọjá bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí, bí iye náà bá fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà pé ìtọ́jú ṣiṣẹ́. OCI-R, irinṣẹ́ mìíràn fún OCD, yàtọ̀: ìbéèrè 18 tí aláìsàn ń dáhùn fúnra rẹ̀, tí 21 sókè sì ń sọ pé ká wò ó dáadáa. OCI-R ń pe àkíyèsí wa, kì í dájọ́. Ẹ̀kọ́ tó bá fi òun nìkan rọ́pò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti gé ọ̀nà.

Ìṣòro méjì wà nínú èdè wa tí ẹ̀kọ́ òkèèrè kankan kò ní kọ́ yín.

Ìkíní ni ọ̀rọ̀ náà "ronú". Bí ẹ bá bi ìyá àgbà pé "Ṣé ẹ máa ń ronú púpọ̀?", ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni owó ilé-ìwé, ọmọ tí kò ríṣẹ́, ọkọ tí kò sí mọ́. Ìrònú ti di orúkọ ìdààmú ayé lẹ́nu wa. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó sì kọ ìsoríkọ́ sínú fáìlì. Ẹ bi wọ́n báyìí: "Mọ̀mí, ṣé nǹkan kan máa ń já wọ ọkàn yín láìpè, nǹkan tí ẹ ò fẹ́ kó wà níbẹ̀ rárá, tí ẹ bá lé e, tó tún padà?" Kí ẹ tún bi wọ́n pé: "Bó bá ti dé bẹ́ẹ̀, kí lẹ máa ń ṣe kí ara yín tó balẹ̀?" Ìbéèrè kejì yìí ló ń fa àṣetúnṣe jáde. Bí ẹ bá rí i pé ìtìjú dí wọn lẹ́nu, ẹ ṣí ọ̀nà sílẹ̀: "Àwọn kan wà tí èrò pé kí wọ́n bú Ọlọ́run máa ń wá bá lórí àdúrà. Àwọn kan, pé àwọn á ṣe ọmọ léṣe. Ṣé irú ẹ̀ ti wá sọ́dọ̀ yín rí?" Kì í ṣe irọ́ ni ẹ pa fún wọn. Láti 1978 ni àwọn olùwádìí Rachman àti de Silva ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn dá ṣáṣá náà ń ní irú èrò bẹ́ẹ̀.

Ìkejì ni "nǹkan kan ń sọ fún mi pé". Ojoojúmọ́ là ń sọ ọ́, èrò ọkàn ara wa la sì ń sọ. Ẹni tó kàn gbọ́ ọ bí ó ṣe rí lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn ń gbọ́ ohùn, kó fún un ní ògùn àrùn ọpọlọ tí kò nílò. Ẹ bi wọ́n pé: "Ṣé etí lẹ fi gbọ́ ọ, bí ẹ ṣe ń gbọ́ ohùn mi yìí, àbí inú yín ló ti wá?" Kí ẹ sì ṣọ́ra ní òdìkejì pẹ̀lú. Bí abiyamọ bá sọ pé ọmọ náà kì í ṣe tòun, tí kò sùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, tàbí tí èrò náà kò já a láyà rárá, ìyẹn kọjá OCD. Ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ. Ìpayà obìnrin tọ̀bẹ yẹn, àti bó ṣe ń sá fún ọ̀bẹ, ló fi í hàn ní ẹni tí OCD ń ṣe.

Ẹ̀kọ́ tó dára á tún yà á sọ́tọ̀ sí ìfẹ́ ìmọ́tótó lásán àti sí ẹ̀sìn. Nínú àlùwàlá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni òpin fífọ oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, tí ìrun sì ń lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójoojúmọ́, kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti àwọn yòókù. Àwọn àfáà mọ̀ ọ́n tipẹ́, wáswáàsì ni wọ́n ń pè é. Àfáà àdúgbò lè wúlò ju ìwé lọ níbí: ẹ ní kó sọ fún aláìsàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ohun tí ẹ̀sìn béèrè, kó má sì dáhùn ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀nà ìtọ́jú wo ni ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ni?

ERP (exposure and response prevention) ni òpómúléró. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ju kí aláìsàn dojú kọ ohun tó ń já a láyà, kó má sì ṣe àṣetúnṣe tó ń tù ú. Victor Meyer ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1966, láti inú iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn méjì ní ilé ìwòsàn Middlesex ní Lọ́ńdọ̀nù. Fún èyí tó ń fọ nǹkan ṣáá, àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru, wọ́n sì pa ẹ̀rọ omi yàrá rẹ̀. Lónìí a kì í pa omi fún ẹnikẹ́ni. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń gbà láti má fọ̀. Nínú ìwádìí tí Edna Foa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005 lórí àgbàlagbà 122, nínú àwọn tó parí ìtọ́jú, 86 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn yá sí i dáadáa pẹ̀lú ERP, 48 pẹ̀lú ògùn clomipramine, 79 pẹ̀lú méjèèjì pọ̀, 10 péré pẹ̀lú ògùn tí kò ní nǹkan nínú.

Ẹ wo bó ṣe rí lọ́wọ́ abiyamọ wa. Ẹ ó jọ kọ àkàsọ̀ ìbẹ̀rù, òun ni yóò sì fi iye sí i, láti 0 dé 100. Wíwo àwòrán ọ̀bẹ lórí fóònù: 20. Ọ̀bẹ lórí tábìlì, ọmọ ní yàrá kejì: 40. Gígé àlùbọ́sà nígbà tí ọmọ wà lẹ́yìn ìyá àgbà nínú ilé ìdáná kan náà: 60. Gígé e nígbà tí òun àti ọmọ nìkan wà nílé: 85. Ibi tí kò rọrùn jù, tí kò sì le jù ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, bíi 30 tàbí 40, ẹ ó sì máa ṣe é lójoojúmọ́. Ní gbogbo àkókò yìí, kò ní bi ìyá rẹ̀ pé "Ṣé ẹ rò pé mo lè ṣe é?", kò sì ní gba àdúrà ìfagilé lábẹ́lẹ̀.

Àdúrà ìfagilé yẹn ni ẹ ó ṣọ́ jù. Ìwọ̀nba olùtọ́jú ló mọ̀ pé nígbà tí aláìsàn ń sọ èrò rẹ̀, ẹnu olùtọ́jú náà gan-an ti bọ́: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Àánú ló fà á, àṣà wa sì ni, ṣùgbọ́n ohun tí aláìsàn gbọ́ ni pé èrò náà léwu lóòótọ́, àti pé ó yẹ ká fagi lé e. Àṣìṣe kejì ni kí olùtọ́jú dá ìdojúkọ náà dúró nígbà tí ìpayà ga jù lọ nítorí pé ara òun náà kò gbà á mọ́. Ẹ̀kẹta ni kó máa ṣàlàyé ṣáá láìgbé ọ̀bẹ sórí tábìlì rárá. Kò sí ìwé tó ń wo irú àṣìṣe wọ̀nyí sàn. Ẹni tó gbọ́ téèpù ìjókòó yín ló lè tọ́ka sí wọn.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà. Ìtọ́jú àtúnṣe èrò tó tẹ̀ lé Paul Salkovskis, ẹni tó kọ̀wé ní 1985 nípa bí aláìsàn ṣe máa ń di ẹrù ẹ̀bi tó pọ̀ jù lé ara rẹ̀ lórí, ni wọ́n máa ń pò mọ́ ERP ní Bírítéènì. CBT ni ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ lórí èrò àti ìṣesí; ẹ̀yà rẹ̀ kan, I-CBT (inference-based CBT), tí Kieron O'Connor àti Frederick Aardema gbé dìde ní Montreal, kò lo ìdojúkọ. Modulu 12 ni, ó ń tọ ipa bí iyèméjì ṣe wọlé tó sì mú kí aláìsàn fọkàn tán ohun tó rò ju ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ. ACT (acceptance and commitment therapy) ń kọ́ni láti jẹ́ kí èrò wà kí a sì máa bá iṣẹ́ ẹni lọ. A ka I-CBT sí nǹkan pàtàkì, pàápàá fún ẹni tó kọ ìdojúkọ jálẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ̀kan ṣoṣo kó kọ́ ERP ná. Ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló pọ̀ jù, òun náà sì ni àwọn tó lè bójú tó yín mọ̀ jù.

Àwọn ẹ̀kọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́

| Ẹ̀kọ́ | Àkókò | Ohun tó lágbára níbẹ̀ | Ohun tó kù |
|---|---|---|---|
| BTTI (ẹ̀kọ́ ìtọ́jú OCD fún olùtọ́jú) ti IOCDF (àjọ OCD àgbáyé), Amẹ́ríkà | ọjọ́ 3, lẹ́yìn náà ìjíròrò lórí fóònù | ẹ ó mú aláìsàn tiyín wá fún ìjíròrò | ó kúrú. Ó fẹ́ ẹni tó ti ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ |
| CTSA (ibùdó ìtọ́jú àti ìwádìí ìpayà), Yunifásítì Pennsylvania | ọjọ́ 4 | ètò ìjókòó kan-tẹ̀lé-kan tó ti yege nínú ìwádìí | ọjọ́ 4 lásán kò tó láìsí àbójútó lẹ́yìn rẹ̀ |
| Bergen, Nọ́wè | ọjọ́ 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, ní ọ̀pọ̀ ìgbà | ẹ ń rí ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́, ó ń rí yín | ó fẹ́ ẹgbẹ́ olùtọ́jú, kì í ṣe ẹnì kan |
| CBT onípele gíga, NHS (iṣẹ́ ìlera ìjọba Bírítéènì) | ọdún 1 | àbójútó ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, téèpù tí wọ́n ń fún ní máàkì | OCD jẹ́ ọ̀kan láàárín ọ̀pọ̀ àìsàn |
| Másítà nílé, Nàìjíríà | ọdún kan àti ààbọ̀ sókè | ìpìlẹ̀ àyẹ̀wò, aláìsàn gidi | ERP lè máà kọjá ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ |
| Fídíò tí a ti gbà sílẹ̀ | wákàtí díẹ̀ | owó pọ́ọ́kú, àkókò tiyín | kò sẹ́ni tó ń wò yín |

IOCDF, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, tí ó fìdí kalẹ̀ sí Boston, ló ni BTTI. Ti àgbàlagbà wà, ti ọmọdé wà. Ẹni tó ti ń tọ́jú èèyàn ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹni tí kò tíì rí aláìsàn OCD kankan á kan kó ìwé jọ sílé ni. Bó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ ayélujára ni ẹ ó ti tẹ̀ lé irú ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀, ẹ ṣírò aago: Èkó fi wákàtí 5 ṣáájú New York nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó fi 6 ṣáájú nígbà òtútù wọn. Kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 1 ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn á parí lálẹ́ pátápátá lọ́dọ̀ wa, iná sì lè ti lọ. Ẹ ra dátà sórí nẹ́tíwọ̀kì méjì.

CTSA ni ilé Edna Foa, láti 1979. Ètò tí wọ́n ń kọ́ni mọ́ra gan-an: ìjókòó 17, méjì fún ètò, 15 fún ìdojúkọ, bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ sí méjì níkọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá lójoojúmọ́. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí òun máa ṣe ní ìjókòó kẹta, àti ìdí tí kò fi yẹ kí ó fò ó lọ sí ìkẹfà, ibẹ̀ ló bá a mu jù. Ìṣòro tí ẹ ó bá pàdé nílé ni wákàtí méjì yẹn. Nínú klíníkì ìjọba tí aláìsàn 40 ń dúró lóde, ta ló máa fún yín ní wákàtí méjì? Ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè fún ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà lọ́wọ́ yín.

Bergen ni ó wù wá jù nínú gbogbo wọn bí a bá ń sọ ti ìkọ́ṣẹ́ lásán. Gerd Kvale àti Bjarne Hansen ló gbé e kalẹ̀ ní ilé ìwòsàn yunifásítì Haukeland, ìwé ìròyìn TIME sì kó wọn mọ́ àwọn àádọ́ta ènìyàn pàtàkì nínú ìlera ní 2018. Aláìsàn mẹ́ta sí mẹ́fà máa ń wọlé pọ̀, iye olùtọ́jú kan náà sì wà pẹ̀lú wọn. Ọjọ́ kìíní jẹ́ ti àlàyé àti ìpalẹ̀mọ́. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìdojúkọ ni: nínú mọ́tò, nínú ọjà, nínú ilé aláìsàn. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n ń ṣètò àwọn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni olùtọ́jú tuntun ti ń kọ́ṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń dúró ti ọ̀gá télọ̀. Ìgbà tí ọ̀gá bá rí i pé ó ti gún ni wọ́n tó fi aláìsàn lé e lọ́wọ́. Ohun tó dí ọ̀nà ni pé ilé ìwòsàn ló ń gba ètò náà wọlé, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ibẹ̀ ṣeé yá lò: bí ẹ bá jẹ́ olùtọ́jú mẹ́ta níbi iṣẹ́ yín, ẹ jọ wọ ìdojúkọ aláìsàn kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Bírítéènì ní ọ̀nà kan tí kò ná wọn lówó ilé-ìwé. Ètò NHS tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tó ń jẹ́ NHS Talking Therapies báyìí, ń gba akẹ́kọ̀ọ́ CBT onípele gíga sí iṣẹ́ ní Band 6 (ìpele owó oṣù kan ní NHS), ó sì ń sanwó oṣù fún wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́: ọjọ́ bíi méjì ní yunifásítì, ìyókù ọ̀sẹ̀ níbi iṣẹ́. Fún ìwé ẹ̀rí BABCP, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú CBT ní Bírítéènì, ẹ nílò ó kéré tán wákàtí 200 ìtọ́jú lábẹ́ àbójútó àti aláìsàn 8. Téèpù ìjókòó yín ni wọ́n máa ń fi CTS-R, òṣùwọ̀n iṣẹ́ olùtọ́jú CBT, wọ̀n: ohun 12, 0 sí 6 níkọ̀ọ̀kan, 36 nínú 72 ni ìyege. Nọ́ọ̀sì ọpọlọ tó ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lè gba ọ̀nà yìí wọlé. Ibi tí ó ti lè já yín kulẹ̀ ni pé nínú aláìsàn 8, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan péré ní OCD. Láti oṣù kìíní ni kí ẹ ti sọ fún alámòójútó pé ẹ fẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ìtọ́sọ́nà 2005 ti NICE, àjọ tó ń sọ ìtọ́jú tó yẹ fún NHS, náà wà lẹ́yìn yín: ẹni tí OCD rẹ̀ dé àárín, tó sì yan CBT dípò ògùn, yẹ kó gbà ju wákàtí 10 lọ pẹ̀lú olùtọ́jú, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìjókòó mẹ́fà tì yín sẹ́yìn.

Nílé, másítà nínú ìmọ̀ ìṣesí ẹ̀dá àti ti ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ń fún yín ní ohun tí kíláàsì ọjọ́ mẹ́ta kò lè fún yín: ojú tó ti rí àìsàn oríṣiríṣi. Fún àyẹ̀wò, kò sí ohun tó ṣeé fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlera àkọ́kọ́, ẹ kíyè sí i pé ìwé ìtọ́sọ́nà ìlera ọpọlọ mhGAP ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tó jáde ní 2016, kò ya orí sọ́tọ̀ fún OCD. Ẹni tó bá gba ẹ̀kọ́ mhGAP nìkan kò tíì gba ẹ̀kọ́ OCD.

Ní ti fídíò: ẹ wò ó fún ìmọ̀, ẹ má fi pe ara yín ní olùtọ́jú OCD.

Bí ẹ ó bá tọ́jú ọmọdé

Àgbàlagbà tó ní OCD sábà máa ń sọ pé láti kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìdá mẹ́rin kan nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 14. Nínú ilé Yorùbá, ìdílé ni yóò kọ́kọ́ di àmúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ àìsàn náà. Màmá ń ra ọṣẹ kún ilé, bàbá ń bọ́ aṣọ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, àǹtí ń dáhùn "ó mọ́, ó mọ́" nígbà ogún lálẹ́. Ìfẹ́ ni, ó sì ń mú àìsàn dúró. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ OCD ọmọdé tí kò bá kọ́ni bí a ṣe ń bá òbí ṣiṣẹ́ kò pé. SPACE, tí Eli Lebowitz gbé dìde ní Yale, lọ jìnnà débi pé òbí nìkan ló ń wá síbi ìtọ́jú: wọ́n ń kọ́ láti dín ìrànlọ́wọ́ náà kù díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún ọmọ tìfẹ́tìfẹ́ ṣáájú. Fún ọmọ tó kọ̀ láti bá olùtọ́jú sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ yìí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìyá àgbà tó máa ní ẹ ń fìyà jẹ ọmọ. Ẹ pè wọ́n wá síbi ìjókòó kìíní, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ sì fún wọn níṣẹ́ ṣe.

Ohun tí ẹ ó béèrè kí ẹ tó sanwó

Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ sì retí ìdáhùn tó ṣe tààrà. Ẹ bi wọ́n iye ìjókòó tiyín tí wọ́n máa gbọ́, àti ta ni yóò gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní "ẹ ó jíròrò àwọn aláìsàn yín", ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò tó: ẹni tó ń ròyìn ìjókòó ara rẹ̀ kì í ròyìn "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" tó sọ. Ẹ bi wọ́n bóyá wọn yóò mú yín ṣe ìdojúkọ fúnra yín nínú kíláàsì. Olùtọ́jú tí kò lè fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kó sì jẹ búrẹ́dì kò ní lè mú aláìsàn débẹ̀. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń kọ́ni nípa àṣetúnṣe inú ọkàn, kí ẹ sì béèrè àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá jẹ́ ọwọ́ fífọ̀ nìkan ló lè sọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n nípa ògùn: kódà bí ẹ kò bá ní àṣẹ láti kọ ọ́, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ògùn bíi fluoxetine àti sertraline sábà máa ń fẹ́ ìwọ̀n tó ga ju ti ìsoríkọ́ lọ nínú OCD, pé ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ni a fi ń dán an wò kí a tó sọ pé kò ṣiṣẹ́, àti pé clomipramine ń fẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn-àyà wò. Kí ẹ sì rántí pé ìwé ẹ̀rí OCD kì í ṣe ìwé àṣẹ iṣẹ́. Àṣẹ láti tọ́jú èèyàn ṣì wà lọ́wọ́ àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ tiyín.

Bí owó yín kò bá ju ti ẹ̀kọ́ kúkúrú kan lọ, ẹ pín in sí méjì. Ẹ fi ìdajì ra ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ fi ìdajì san owó ọ̀gá tó máa gbọ́ téèpù yín ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì fún oṣù mẹ́fà. Ìyẹn ju ẹ̀kọ́ méjì lọ. Ẹ gba àṣẹ aláìsàn lórí ìwé kí ẹ tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ẹ má sì fi téèpù náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ lo fáìlì tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ẹ tún rí i dájú pé ẹ ní aláìsàn OCD méjì, ó kéré tán, lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí a kọ́ tí a kò lò láàárín oṣù kan ti ń sá lọ. Bí ẹ kò bá tíì rí wọn, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n wà. Ẹ bá ìmáàmù mọ́ṣáláṣí àti pásítọ̀ àdúgbò sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ lọ sí ibi tí àwọn ìyá ti ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, kí ẹ sì bẹ nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kó fi ìbéèrè kan kún èyí tó ń bi wọ́n: "Ìyá ọmọ, ṣé èrò kan ń já wọ inú yín nípa ọmọ yìí, tó ń já yín láyà, tí ẹ ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nílé?" Kó má kọ ìdáhùn sára káàdì ọmọ. Kó fún wọn ní nọ́ńbà yín.